Yèyé Tó Rò Pé Èèyi Kò Lè Mú Òun

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí wọ́n ń rán níṣẹ́ láti ìdí ààrò dé ẹ̀yìnkùlé, obìnrin kan wà nínú ilé wa tí gbogbo wa gbà pé àrùn ń sá fún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ni ìyá wọn kọ́kọ́ bí, àwa ọmọ sì ń pè é ní Yèyé. Ìgbóná ti bá a jà rí, ìyẹn àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ gan-an, tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀gbóná tàbí Olóde kí wọ́n má baà fẹnu fà á wálé. Ó ti fi àpá sí i lójú láti iwájú orí dé ọrùn, bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kán sórí eruku. Ẹ má rò pé ojú náà ń bà wá lẹ́rù o. Bí mo bá gbórí lé e lẹ́sẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi ìka tọ àwọn ihò kéékèèké náà, á sì ní kí n rọra, kí n má lọ jìn sí ọ̀kan nínú wọn, nítorí òun ò ní okùn tí òun máa fi fà mí jáde.

Abúlé wa wà lẹ́bàá Odomèta, nílẹ̀ Kétu, níbi tí ilẹ̀ ti pupa tí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sì ń ṣe dáadáa. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ìyá mi, ọmọ Idigny ni, ibẹ̀ ni bàbá mi ti fẹ́ ẹ wá. Yèyé ní tirẹ̀ ti lọ sílé ọkọ rí, ó sì ti padà. Inú oko àdádó ni wọ́n bí i sí, kí àwọn òbí wọn tó kó wá sí abúlé. Ó dàgbà sínú oko náà láìrí ọmọ ẹlòmíràn bá ṣeré, ọkọ tó fẹ́ ẹ sì tún mú un lọ sí oko mìíràn tó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ìgbóná ti ká wọn mọ́. Ó pa ọkọ, ó pa ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó sì fi Yèyé sílẹ̀. Nígbà tó wálé pẹ̀lú ojú tuntun yẹn, kò fẹ́ ọkọ mọ́. Àwa ọmọ àbúrò rẹ̀ ló kù tó ń tọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì dùbúlẹ̀ àìsàn ní abúlé, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Mo fẹ́ràn obìnrin náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ilé wa fún yín kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Bí àrùn tó ń sú síni lára bá wọ agbolé, yàrá ìpẹ̀kun ni wọ́n ń kó aláìsàn sí. Wọ́n á ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ẹsẹ̀ má wọbẹ̀ mọ́, àfi ẹsẹ̀ ẹni tí ìgbóná ti fi àpá sí lójú. Àwọn olójú àpá nìkan ló ń gbé omi wọlé, àwọn ló ń fọ aṣọ, àwọn ló ń bọ́ aláìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga lè fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Àwọn bàbá wa ò ní ẹ̀rọ kankan tí wọ́n fi ń wo inú ẹ̀jẹ̀. Ojú lásán ni wọ́n fi wò ó, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ìgbóná bá ti ṣe tí kò kú, ìgbóná kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ni wọ́n bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe olùtọ́jú. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, mo máa ń kan sáárá sí wọn.

Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n ka gbogbo àrùn tó ń sú síni lára sí ọmọ ìyá kan náà. Lójú tiwọn, ìgbóná ni ẹ̀gbọ́n, èèyi tó ń mú àwọn ọmọdé sì ni àbúrò. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n nà tí kò kú, kí ni àbúrò fẹ́ fi í ṣe? Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń bá wọn jiyàn, Yèyé gan-an ló sì ń wí i jù.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ mú tí ètè gbogbo wa ń là, èèyi wọ abúlé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí Yèyé ti padà wálé. Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ mú nílé wa. Imú rẹ̀ ń ṣomi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́, a rò pé ọyẹ́ ni. Ẹní kan náà sì ni èmi, òun, ìyá mi àti àbúrò wa jòjòló tó ṣì ń mu ọmú jọ ń sùn. Kí a tó mọ̀, ara rẹ̀ ti gbóná, èèyi ti yọ sí i lẹ́yìn etí, ó ti ṣàn dé àyà. Èmi náà tẹ̀ lé e. Wọ́n kó àwa méjèèjì lọ sí yàrá ìpẹ̀kun, wọ́n ta màrìwò, Yèyé sì wọlé tọ̀ wá bí ẹni tó ń lọ sí ọjà.

Ìyá mi fẹ́ tẹ̀ lé wa. Yèyé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ dí i.

"Ìyàwó, ibẹ̀ yẹn ni kó o dúró. Ojú rẹ dán jù fún yàrá yìí."

"Yèyé, àwọn ọmọ mi nìyẹn o."

"Ọmọ tèmi náà ni wọ́n. Lọ gbé ọmọ ọwọ́ rẹ, kó o po ògì wá."

Kí ni ìyá mi fẹ́ sọ? Ìyàwó ilé ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ sì dán lóòótọ́, kò sí àpá kankan níbẹ̀. Á gbé igbá ògì sẹ́nu ọ̀nà, á padà sẹ́yìn, á máa pè wá lórúkọ láti ìta kí a lè dá a lóhùn. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á. Mo mọ̀ ọ́n nínú ohùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni mí.

Yèyé tọ́jú wa bí ẹyin. Ó ń fún ewé ejìnrìn sínú omi, ó ń fi wẹ̀ wá. Ó fi aṣọ dí ojú fèrèsé nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń ta wá lójú. Nígbà tí ara mi gbóná débi pé mò ń sọ ìsọkúsọ, ó gbé mi lé àyà, ó ń rọ̀ mí pé kí n má bẹ̀rù ooru náà, pé kì í ṣe ọ̀tá mi, pé ara mi ló ń dáná mọ́ àlejò tí kò pè. Ojú mi sún mọ́ ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń wúkọ́ sí i nímú. Kò tilẹ̀ yí ojú kúrò. Ó ní kí n wúkọ́ dáadáa, kí n tu gbogbo rẹ̀ síta.

Ara wa bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Awọ ara mi ń bó, ebi ń pa mí, mo sì ti ń bá àbúrò mi jà nítorí ibi tí a máa sùn sí. Wọ́n ní kí a jáde síta kí oòrùn pa wá. Ìgbà náà ni Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní ọyẹ́ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní èéfín ni. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wọlé lọ kí i, kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Mo rí èèyi tó sú láàárín àwọn àpá àtijọ́, ó wú, ó pupa, kò sí àyè kankan lójú rẹ̀ tí àrùn ò tíì gbà. Mo sáré jáde, mo pariwo pé èèyi ti mú Yèyé.

Wọ́n kọ́kọ́ ní irọ́ ni mò ń pa. Bàbá mi lọ yọjú wò ó, ó padà wá sọ fún wọn pé òótọ́ ni. Ẹ gbìyànjú kí ẹ mọ bí ẹ̀rù náà ṣe pọ̀ tó. Bí àrùn bá lè mú ẹni tí àrùn ń sá fún, ta ló kù? Àwọn kan ní èyí kì í ṣe èèyi mọ́, pé ohun mìíràn tó lágbára jù ú lọ ló wọlé. Àwọn àgbà agbolé jókòó, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n gbé e lọ sí ahéré oko kí ilé má baà run, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ẹni tí ìgbóná bá mú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a lọ? Olójú àpá mìíràn kò sí lọ́dọ̀ wa, àwọn tó wà ní agbolé yòókù sì ti ń bẹ̀rù fún ara wọn. Èmi tí mo dúró síbẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Yèyé ò lè gbé igbá omi dé ẹnu ara rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ahéré ní òun nìkan, kò ní padà wá.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni bàbá mi. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tó ko àwọn àgbà lójú.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi kò ní dá kú sí oko. Bí kò bá sí ẹni tó máa wọlé tọ̀ ọ́, èmi á wọlé."

Wọ́n dì í mú. Wọ́n bi í pé ta ni yóò máa bọ́ ọmọ rẹ̀ bí òun náà bá bá a lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo wa, ó sì sunkún.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyá ìyá mi dé láti Idigny. Ó ti gbọ́ pé èmi àti àbúrò mi ṣàìsàn, ló bá di iṣu rù, ó fẹsẹ̀ gba ọ̀nà inú igbó wá wò wá. Ó bá gbogbo wa lójú agbolé bí ilé tí òkú sùn. Wọ́n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kò tíì sọ ẹrù náà kalẹ̀ tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀.

"Èèyi lẹ ń wí? Èyí tó ń pọ́n ojú, tó ń mú ikọ́ wá?"

Wọ́n ní òun ni.

"Kí ló wá dé tí ọmọ mi fi dúró síta? Òun ti ṣe èèyi. Ọ̀rọ̀ ò tíì já gaara lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn. Ojú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, omi ọmú mi ni mo ń kán sí i títí ó fi là."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kò kúkú sí àpá lójú rẹ̀.

"Èèyi wo ló ń dá irú àpá bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ọmọ yìí." Ó nawọ́ sí mi. "Ṣebí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán ni. Ẹ fi àpá hàn mí lójú rẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí. Ìyá mi ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ màrìwò kọjá. Nígbà tó wọlé tán ló yọ orí jáde, ó pè mí. "Ìwọ náà ti ṣe é tán. Gbé omi bọ̀."

Báyìí ni ìyàwó ilé di olùtọ́jú ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí èmi ọmọdé sì di ẹni tó ń fún àgbà lómi. Àrùn ọmọdé tó bá mú àgbàlagbà, ó máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ. Àyà Yèyé di. Bó bá fẹ́ mí èémí, ìhà rẹ̀ á wọlé, a ó máa gbọ́ ọ títí dé ìta. Ọ̀sán kan wà tí mo rò pé ó ti parí. Oòrùn mú, Yèyé ò dá wa lóhùn mọ́, ètè rẹ̀ ti ṣú. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e ró mọ́ àyà ara rẹ̀ kó lè rí èémí mí, ó ní kí n máa fi aṣọ tútù nu iwájú rẹ̀, kí n sì máa kán omi sí i lẹ́nu. Apá ń ro mí, mi ò dúró. Mò ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó mú adìyẹ mi dípò rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, adìyẹ náà nìkan ni mo ní.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bo Yèyé. Ó kún inú gbogbo àpá ojú rẹ̀. Èémí rẹ̀ rọ̀. Ó la ojú díẹ̀, ó yí orí, ó rí ẹni tó gbé e ró.

"Ìyàwó, ta ló ní kó o wọlé?"

"Ojú dídán náà ni, Yèyé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mu ògì yín."

Ó mu ún. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà, bí gbọ́nmi-si-omi-ò-to kan bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìyá mi àti àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, ẹ̀yìn ìyá mi ni Yèyé ń wà, ì báà jẹ́ pé ìyá mi ló jẹ̀bi.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara gbogbo wa ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ọmọ mi obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ní Pobè ló là á yé mi. Gbogbo ìgbà tí mo fi lágbára ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ó wá di pé ọmọ tèmi ló ń kọ́ mi, ó sì ń gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ní kí n rántí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí Kétu fi ń ṣọ́ ara rẹ̀, ó ní ara ènìyàn náà ní odi àti ìdènà tirẹ̀. Awọ ara ni odi. Irun imú, itọ́ àti omijé, iṣẹ́ wọn ni láti gbá àlejò burúkú síta. Bó bá ráyè wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí kì í béèrè orúkọ, ẹni tí wọn ò bá ti mọ̀ ni wọ́n ń gbé mì. Ara á sì gbóná, nítorí pé ọ̀pọ̀ àrùn kì í lè bí sí i dáadáa nínú ooru. Mo sọ fún un pé Yèyé ti sọ èyí fún mi kí wọ́n tó bí òun. Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí ẹ̀ṣọ́ kejì ló jọ mí lójú jù. Àwọn wọ̀nyí ò tètè dìde. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú àlejò náà dáadáa, wọ́n á wá rọ ohun ìjà tó bá ojú yẹn nìkan mu, bí alágbẹ̀dẹ tó rọ kọ́kọ́rọ́ fún àgádágodo kan ṣoṣo. Ó ń gba àkókò, ìdí nìyẹn tí àìsàn fi ń kọ́kọ́ dá ènìyàn wó. Nígbà tí ìjà bá parí, èyí tó pọ̀ nínú wọn á kú, ìwọ̀nba díẹ̀ á ṣẹ́ kù, àwọn yẹn á sì máa rántí ojú náà títí ọjọ́ alẹ́ ẹni tó ni ara. Bí àrùn kan náà bá tún dé, kò ní rí àyè jókòó. Ẹ wò ó ná, èmi tí mò ń gbàgbé ibi tí mo gbé gíláàsì ojú mi sí láàárọ̀, inú ara mi yìí ni irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ wà! Ẹni tó dá wa mọ iṣẹ́.

Ojú kan ṣoṣo sì ni ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ń mọ̀. Èyí tó mọ ìgbóná ò mọ èèyi, àwọn méjèèjì kì í ṣe tẹ̀gbọ́n tàbúrò rárá. Ẹ̀jẹ̀ Yèyé ti mọ ìgbóná dunjú, ṣùgbọ́n nínú oko àdádó tó dàgbà sí, kò sí ọmọ tó lè gbé èèyi wá bá a. Ìyá mi ní tirẹ̀ ti pàdé èèyi ní Idigny kó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Àpá ojú ni àwọn àgbà wa rí, wọn ò lè rí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó mọ èèyi ni wọ́n lé síta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n fi sílé.

Mo wá béèrè nípa àbúrò wa jòjòló, ẹni tó bá wa sùn lórí ẹní kan náà nígbà tí a ń wúkọ́, tí èèyi kò mú. Ọmọ mi ní ìyá mi ló dáàbò bò ó. Kí ìyá tó bímọ, ara rẹ̀ ti ń gba inú ibi ọmọ fi nínú ohun ìjà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ inú, kó lè máa lò ó fún oṣù díẹ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tó gbọ́n. Ìyá mi tí wọ́n ní ojú rẹ̀ dán jù, tó ń pè wá láti ìta bí àlejò, ó ti gba ọmọ kan là láìmọ̀ pé òun ní ohunkóhun lọ́wọ́.

Ọmọ mi tún sọ ohun kan tó bà mí lẹ́rù. Ó ní èèyi máa ń ba ìrántí ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ó máa ń pa nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó rántí àwọn àrùn àtẹ̀yìnwá, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn kọ́. Mo rántí pé lẹ́yìn èèyi yẹn, Yèyé tí kì í ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ikọ́ àti inú rírun ń dà láàmú láti ìkórè kan dé òmíràn. Ó pẹ́ kó tó tún gún iyán fún wa. A rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dé, àṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń tún ẹ̀kọ́ kọ́. Ó sì kọ́ ọ tán, ara rẹ̀ tún le.

Yèyé pẹ́ láyé. Ó rí ikú bàbá mi, ó rí ikú ìyá mi, lẹ́yìn náà ni mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Kétu. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi aṣọ sí, ó gbàgbé abúlé wa, ó gbàgbé ìyá mi, níkẹyìn ó gbàgbé èmi náà. Á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì tó ṣàánú rẹ̀. Ó dùn mí. Ọjọ́ míì wà tí mo máa ń wọ yàrá lọ sunkún kó má baà rí mi.

Àkókò yẹn ni ìbátan wa kan gbé ọmọ rẹ̀ kékeré wá láti òdìkejì bodè, lórí sémíjàn, alùpùpù akérò wa níhìn-ín, wọ́n wá kí wa. Ọmọ náà ò tíì gba abẹ́rẹ́ èèyi rí. Ó ń wúkọ́, imú rẹ̀ ń ṣomi, ojú rẹ̀ pọ́n, mo sì dá ohun tó ń ṣe é mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù. Kí n tó yíjú padà, Yèyé ti dìde lórí àga, ó ti gbé ọmọ náà mọ́ra, ojú kan ojú, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo bí iwájú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Àyà mi já. Arúgbó tó ti rù kan egungun! Gbogbo ohun tí mo rí ní ọ̀sán yẹn tún padà sí mi lójú, ìhà tó ń wọlé, ètè tó ṣú. Mo pariwo pé kí Yèyé gbé ọmọ náà sílẹ̀, mo fẹ́ já a gbà.

Ọmọ mi gbọ́ ariwo mi. "Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ó ní. "Yèyé ti ṣe é."

"Kò rántí nǹkan kan mọ́!"

"Orí wọn ni kò rántí, Màmá."

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Yèyé gbé ọmọ náà títí a fi rí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n sì gbé e padà wá, ó tún gbà á. Ọmọ náà ń wúkọ́ sí i lójú, ó ń sín sí i lẹ́nu. Èmi ń ṣọ́ Yèyé. Láràárọ̀ ni mò ń wo ojú rẹ̀, mò ń fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Kò wúkọ́. Ara rẹ̀ ò gbóná. Kò mọ orúkọ ọmọ náà, kò mọ orúkọ tèmi, kò mọ ọdún tí a wà, ṣùgbọ́n èèyi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ dá a mọ̀, wọ́n sì lé e padà. Ara ọmọ náà yá. Nígbà tí Yèyé wá kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ogbó ló mú un lọ.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi, ní ti ọ̀rọ̀ yìí, ó yí sí rere. Ìgbóná ti tán láyé, kò sí ọ̀kan nínú yín tó tíì rí ẹni tó ń ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gun alùpùpù gba ọ̀nà inú igbó dé Odomèta àti Idigny, wọ́n gbé àpótí tútù tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ dání. Èèyi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi han ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá dé àdúgbò wa, mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n. Wọ́n ti mọ̀ mí, wọ́n á ní ìyá arúgbó tó fẹ́ràn ẹkún ọmọdé ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹkún náà ni mo wá gbọ́. Ọmọ á ké, ìyá rẹ̀ á fi ọmú sí i lẹ́nu, á dákẹ́. Ohun tí Yèyé fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ kọ́, ọmọ náà ti ń kọ́ ọ kí omijé rẹ̀ tó gbẹ.